Kí Ọlọ́pàá Má Bàa Gba Ajá Yín: Ìtọ́sọ́nà Lórí Òfin XL Bully ní Ìlú Ọba

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń kó ọ̀pọ̀ ẹbí sí wàhálà lórí ọ̀rọ̀ ajá ní Ìlú Ọba: "Ajá tiwa kì í ṣe XL Bully", ìyẹn irú ajá ńlá alágbára kan tí òfin kà léèwọ̀. Ẹni tó ta ajá ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ, ọmọ sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá náà sì sọ fún aládùúgbò. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó gbé téèpù. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá kan ilẹ̀kùn ni wọ́n tó ń mọ̀ pé orúkọ tí ẹni tó tà á pè é kò já mọ́ nǹkan kan lójú òfin, àti pé ìwé ìran ajá tí wọ́n fi owó gidi gbà kò lè gbà á sílẹ̀. Ara ajá ni òfin ń wò.

Ẹni tó ní ajá sígbọnlẹ̀ nílé ní Ẹ́ńgílándì tàbí Wéèsì ni mo kọ èyí fún, pẹ̀lú òbí tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ ajá wọlé, àti ẹni tó ti gba ìwé ìyọ̀ǹda láti ní XL Bully ṣùgbọ́n tí kò ka inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Òfin Skọ́tíláǹdì àti ti Àríwá Áílándì jọ èyí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Téèpù onírin irú ti káfíńtà. Ti télọ̀ máa ń tẹ̀ mọ́ ara ajá, ó sì ń fi inṣi tí kò sí kún un.
- Ìwé kan tí èèpo rẹ̀ le, pẹ́ńsù̀lù, àti ibi tí ògiri àti ilẹ̀ líle ti pàdé.
- Ẹnì kejì tí ajá náà mọ̀ dáadáa.
- Fóònù tó ń ya fọ́tò.
- Nọ́ńbà microchip ajá náà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi sábẹ́ awọ rẹ̀ kí a lè mọ olówó rẹ̀. Nọ́ńbà 15 ni. Ó wà nínú ìwé tí dókítà ẹranko fún yín.
- Rìsíìtì tí ẹ fi rà á, ìwé abẹ́rẹ́, ìwé ìnṣọ́ránsì, ìwé ìyọ̀ǹda bí ẹ bá ní in, àti àdéhùn tí ẹ bá onílé ṣe.
- Okùn ajá tí kì í nà, ọ̀já ọrùn, àti ìbonu alágò, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe bí àgò tí a ń kì bọ ẹnu ajá kí ó má lè bu ẹnikẹ́ni jẹ.
- Fáìlì kan tí gbogbo ìwé yìí máa wà nínú rẹ̀, tí kò ní kúrò nílé.

Ẹ fi èyí sọ́kàn kí a tó bẹ̀rẹ̀. Irú ajá márùn-ún ni òfin Dangerous Dogs Act ti ọdún 1991 kà léèwọ̀: Pit Bull Terrier, Japanese Tosa, Dogo Argentino, Fila Brasileiro, àti XL Bully tí wọ́n fi kún un kẹ́yìn. Láti 31 oṣù Kejìlá 2023, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà á, kò gbọ́dọ̀ fi tọrẹ, kò gbọ́dọ̀ mú kí ó bímọ, kò sì gbọ́dọ̀ já a jù sílẹ̀ ní Ẹ́ńgílándì àti Wéèsì. Láti 1 oṣù Kejì 2024, ẹni tí kò bá ní Certificate of Exemption, ìwé ìyọ̀ǹda tí mo ń wí, ti rú òfin bí ajá náà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn tí kò ní òdiwọ̀n ló wà níbẹ̀, wọ́n sì lè fi méjèèjì jẹni.

Ìpele 1: Ẹ wọn ajá náà

Ẹ má wọn orí rẹ̀. Ibi tí òfin ń wọ̀n ni góńgó èjìká, níbi tí egungun èjìká méjèèjì ti ga jù lọ lẹ́yìn ọrùn. Ẹ fi ìka méjì tẹ ibẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ máa rí i pé egungun méjì sún mọ́ra, tí àlàfo díẹ̀ wà láàárín wọn.

Ẹ mú ajá náà dúró lórí táìlì tàbí pákó. Kápẹ́ẹ̀tì kò dára, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa rì wọ inú rẹ̀. Kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fara kan ògiri, kí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sì dúró ṣánṣán lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kejì ni kó di ẹran díẹ̀ mú níwájú imú rẹ̀, ní ibi tí ajá náà máa ń gbé orí sí bí ó bá dúró lásán. Bí ẹran bá ga jù, ajá á nàgà. Bí ó bá wálẹ̀ jù, á tẹrí, èjìká á sì yí ipò padà. Ní àkókò tí ó bá ń wo ẹran yẹn láìmira, ẹ gbé ìwé líle náà lé góńgó èjìká, kí etí rẹ̀ kan ògiri láìdagun, kí ẹ fi pẹ́ńsù̀lù fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ tú ajá sílẹ̀. Ẹ wá wọ̀n láti ilẹ̀ dé ibi ìlà yẹn.

Akọ tó ti dàgbà tó sì ga tó inṣi 20, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 51, ti dé ìwọ̀n tí ìjọba fi lélẹ̀. Fún abo, inṣi 19 ni, sẹ̀ǹtímítà 48.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣì í ni ọmọ ajá. Wọ́n á wọn ọmọ oṣù márùn-ún, wọ́n á rí inṣi 17, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tíì tán. Ó ṣì ń ga. Gíga bàbá àti ìyá rẹ̀ ló máa sọ ibi tó ń lọ, nítorí náà ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù títí yóò fi dúró sójú kan. Àwọn kan tún máa ń rí inṣi 20 lẹ́ẹ̀kan, 19 àti ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì mú èyí tó tù wọ́n lára. Ẹni tó máa wọ̀n ọ́n fún ilé ẹjọ́ kò ní bá yín mú un.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kí ajá máa rìn kiri díẹ̀ láàárín. Bí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ síra wọn, ẹ ti rí ìwọ̀n rẹ̀. Bí wọ́n bá jìnnà síra jù bẹ́ẹ̀, ìdúró rẹ̀ ni kò dára. Ẹ tún un ṣe.

Ìpele 2: Ẹ wo ara rẹ̀ láti orí dé ìrù

Gíga nìkan kò sọ ajá di XL Bully. Alsatian ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, Rottweiler náà sì lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin yìí kò sì kàn wọ́n. Ohun tí ìwé ìjọba sọ ni pé kí ajá dé ìwọ̀n gíga, kí ó sì tún ní púpọ̀ nínú àwọn àmì yòókù. Kò ní láti pé gbogbo rẹ̀.

Orí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Orí XL Bully tóbi, ó fẹ̀, ó sì wúwo. Ẹ fi téèpù wọ̀n láti ṣóńṣó imú dé ibi tí iwájú orí ti wọnú láàárín ojú, kí ẹ tún wọ̀n láti ibẹ̀ dé ìpàkọ́. Bí ti àkọ́kọ́ bá tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àpapọ̀ méjèèjì, àmì kan nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ á rí bí igun mẹ́rin, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á yọ síta, párì rẹ̀ á lágbára, awọ ojú rẹ̀ á sì máa hun jọ.

Ẹ wá bọ́ sí ara. Ọrùn nípọn, kò gùn jù, ó sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ láti èjìká dé ìpàkọ́. Àyà fẹ̀, ó sì jìn. Ìgbà mìíràn fífẹ̀ rẹ̀ ju jíjìn rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú, ìbàdí rẹ̀ kúrú, itan rẹ̀ kún fún iṣan. Ìrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀, ó sì ń tín-ín-rín títí dé nǹkan bí oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Irun rẹ̀ kúrú, ó ń dán, ó sì lẹ̀ mọ́ ara.

Ẹ ya fọ́tò mẹ́rin: iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn, àti láti òkè. Kí téèpù tàbí ìlà ara ògiri hàn nínú ti ẹ̀gbẹ́.

Ẹ má ná owó sí àyẹ̀wò DNA nítorí òfin yìí. Ìrísí ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́ náà, bí DNA bá ní ìyá ajá yín wá láti ìran mìíràn, ojú ajá kò yí padà. Lójú tèmi, fífi ìrísí dá ẹranko lẹ́jọ́ kù díẹ̀ káàtó, mo sì mọ àwọn onímọ̀ tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ yẹn kì í ṣe èyí tí à ń rò lẹ́nu ọ̀nà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ kọ àmì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ fi "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" sí iwájú rẹ̀. Ẹ wá fún ẹnì kan tí kò fẹ́ràn ajá yín rárá ní ìwé náà, kí ó ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ìdáhùn yín bá jìnnà síra, tirẹ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ ìrísí ajá dunjú láti wò ó.

Ìpele 3: Ẹ mọ ibi tí ẹ dúró sí

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà.

Bí ajá kò bá dé ìwọ̀n gíga, tàbí tó dé e ṣùgbọ́n tí àwọn àmì yòókù kò sí lára rẹ̀, ẹ kó ìwé ìwọ̀n àti fọ́tò sínú fáìlì, kí ẹ bọ́ sí Ìpele 4. Ẹ fo Ìpele 5 àti 7 bí ẹ bá fẹ́. Ẹ má fo Ìpele 6, torí kò sí ajá tí ìyẹn kò kàn.

Bí ó bá jẹ́ XL Bully tí ẹ sì ní ìwé ìyọ̀ǹda, ẹ tẹ̀lé gbogbo ìpele.

Bí ó bá jẹ́ XL Bully tí ẹ kò sì ní ìwé, ọ̀rọ̀ ti di ti lọ́yà. Ọ̀sán 31 oṣù Kínní 2024 ni ìjọba ti ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ ní Ẹ́ńgílándì àti Wéèsì; owó tí àwọn tó tètè lọ san kò ju pọ́ùn 92.40 lọ. Lónìí, ilé ẹjọ́ ló lè pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ajá bẹ́ẹ̀ sínú Index of Exempted Dogs, àkọsílẹ̀ ìjọba fún àwọn ajá tó ní ìwé ìyọ̀ǹda, lẹ́yìn tó bá dá a lójú pé kì í ṣe ewu fún ará ìlú. Ẹ wá lọ́yà tó ń ṣe ẹjọ́ ajá kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni mìíràn sọ̀rọ̀. Ẹ má gbé e lọ fún àbúrò yín ní Manchester: òfin ka ìyẹn sí fífi tọrẹ, àbúrò yín náà á sì di arúfin. Ẹ má tà á, ẹ má sì tú u sílẹ̀ sínú páàkì lóru.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ó yẹ kí ẹ lè sọ ní gbólóhùn kan ṣoṣo èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni tiyín, kí ẹ sì nawọ́ mú ìwé tó fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ìpele 4: Microchip àti orúkọ lọ́rùn

Èyí kò le, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ń kùnà níbẹ̀. Láti ọdún 2016 ni ó ti di dandan ní Ẹ́ńgílándì kí gbogbo ajá tó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ní microchip, kí orúkọ àti àdírẹ́sì olówó rẹ̀ sì pé lórí àkọsílẹ̀. Ẹ̀bi tó wọ́pọ̀ kì í ṣe pé ajá kò ní chip. Àdírẹ́sì ilé tí ẹ ti kó kúrò ló ṣì wà lórí rẹ̀, tàbí orúkọ ẹni tó tà á. Ẹ wá àkọsílẹ̀ tí nọ́ńbà yín wà lórí rẹ̀, kí ẹ yí i padà. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó pọ́ùn 500.

Ọ̀já ọrùn náà wà lábẹ́ òfin, ti ọdún 1992. Bí ajá bá jáde, orúkọ àti àdírẹ́sì olówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Orúkọ ajá kọ́ ni wọ́n ń bèèrè. Bí ẹ bá sọ ọ́ ní Tanímọ̀la, ẹ jẹ́ kó mọ sílé, torí olè tó bá mọ orúkọ ajá á pè é, ajá á sì tẹ̀ lé e.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ sọ fún dókítà ẹranko kí ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ ka chip náà. Bí nọ́ńbà tó jáde bá bá ti inú fáìlì mu, tí fóònù tó wà lórí àkọsílẹ̀ sì jẹ́ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ó parí.

Ìpele 5: Ìbonu àti okùn

Dandan ni fún XL Bully tó ní ìwé: ìbonu lẹ́nu, okùn lọ́rùn, ẹni tó di okùn mú sì ti pé ọmọ ọdún 16 ó kéré tán. Ọmọ yín ọmọ ọdún 14 tí ajá fẹ́ràn ju gbogbo yín lọ kò lè mú un jáde.

Ibo ló ń jẹ́ "ìta"? Ibí ni wọ́n ti ń mú àwọn tó ń gbé fúláàtì. Àtẹ̀gùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti lífùtù tí gbogbo ilé jọ ń lò jẹ́ ìta lójú òfin. Bí ẹ bá ti ṣí ilẹ̀kùn fúláàtì yín, ẹ ti wà níta. Inú ọkọ̀ tó wà lójú títì náà jẹ́ ìta. Nítorí náà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yín ni kí ẹ ti fi ìbonu sí i, kì í ṣe ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Ẹ ra ìbonu alágò tí ajá lè la ẹnu nínú rẹ̀, tó lè mí hẹlẹhẹlẹ, tó sì lè mu omi. Àwọn oníaṣọ tó ń di ẹnu pa kò dára fún ìrìn. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀. Ẹ wọn gígùn imú rẹ̀ àti yíká ẹnu rẹ̀ lábẹ́ ojú kí ẹ tó rà á.

Ẹ má fi ipá kì í bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kìíní. Ajá tí wọ́n bá fipá kọ́ á máa sá bí ó bá ti rí ìbonu, á sì máa fi ẹsẹ̀ ha á kúrò níta. Báyìí ni kí ẹ ṣe é:

Ẹ se ẹran adìẹ nínú omi lásán, láìsí àlùbọ́sà, torí májèlé ni àlùbọ́sà fún ajá. Ẹ yọ egungun kúrò, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́. Ẹ fi ìkan sí ìsàlẹ̀ ìbonu, kí ẹ di ìbonu mú bí ife, kí ajá fúnra rẹ̀ ti ẹnu bọ̀ ọ́ láti mú un. Bí ó bá yọ ẹnu, ẹ jẹ́ kó yọ ọ́. Bí ó bá ti ń sáré wá nígbà tó rí ìbonu, ẹ máa ti ẹran wọlé láti iwájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó lè pẹ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé okùn rẹ̀ sẹ́yìn etí láìdì í. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ dì í fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ tú u kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ nínú ilé, kí ẹ tó jáde. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀pà lílọ̀ inú ìgò pa inú ìbonu, ẹ ka ara ìgò ná: xylitol, ohun ìmúdùn tí àwọn kan ń fi sí i dípò ṣúgà, máa ń pa ajá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Pẹ̀lú ìbonu lẹ́nu, ajá lè mu omi nínú abọ́, ó lè gba ẹran lọ́wọ́ yín, ó sì lè mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ di ẹ̀yìn ìbonu mú, kí ẹ fà á síwájú: bí ó bá yọ kọjá etí, ó tóbi jù. Ìka kan gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ okùn rẹ̀, méjì pọ̀ jù.

Ìpele 6: Ẹnu ọ̀nà, ọgbà, àti àlejò

Ìpele yìí kan ẹni tó ní Chihuahua, ajá tó kéré gan-an, pàápàá. Ìsọ̀rí kẹta òfin Dangerous Dogs Act sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí ajá, irú yòówù kó jẹ́, bá bọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀ débi tó ṣe ènìyàn léṣe, tàbí débi tí ẹ̀rù bà ènìyàn pẹ̀lú ìdí pé ó fẹ́ ṣe òun léṣe. Kò dìgbà tó bá bu ni jẹ. Láti ọdún 2014, òfin náà ti wọ inú ilé yín àti ọgbà yín. Bí ẹnì kan bá farapa, ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún márùn-ún. Bí ẹnì kan bá kú, ó lè tó ọdún 14.

Ìyẹn ni pé àwọn tí ewu yìí sún mọ́ jù lọ ni ẹni tó ń mú lẹ́tà wá, ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá, ọmọ aládùúgbò tó wá gba bọ́ọ̀lù rẹ̀.

*Ihò lẹ́tà.* Ní ọdún 2021, ilé ẹjọ́ gíga sọ ọ́ gbangba pé olówó ajá lè jẹ̀bi bí ajá bá já ìka apínlẹ́tà láti inú ihò ara ilẹ̀kùn, kódà bí olówó ajá kò bá sí nílé. Ẹ fi àgò onírin sí ẹ̀yìn ihò náà, tàbí kí ẹ dí i pa, kí ẹ gbé àpótí lẹ́tà síta. Kò wọ́n.

*Ilẹ̀kùn.* Ìdínà méjì ni kó máa wà láàárín ajá àti títì nígbà gbogbo. Bí ilẹ̀kùn ìta bá ṣí tààrà sí pálọ̀, ẹ ra géètì kékeré tí wọ́n fi ń dá ọmọdé dúró, èyí tó ga jùlọ tí ẹ bá rí, kí ẹ fi dí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni fífi ẹsẹ̀ dí ajá lọ́nà, kí a fi ọwọ́ kan ṣílẹ̀kùn, kí a fi ọwọ́ kejì gba àpò oúnjẹ. Ajá tó wúwo á ti ẹsẹ̀ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́.

*Ọgbà.* Ẹ rìn yí i ká, kí ẹ fi ọwọ́ ti pákó kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ìsàlẹ̀ bóyá ajá ti ń wú ilẹ̀. Ẹ máa fi kọ́kọ́rọ́ ti géètì pa, torí ẹni tó ń ka mítà lè ṣí i láìpe yín.

*Àlejò.* Ilé wa kì í dá. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí bí ìsọmọlórúkọ bá wà: ilẹ̀kùn kì í tì, orin ń lọ, ọmọdé tí a kò mọ òbí wọn ń sáré kiri pẹ̀lú ẹran lọ́wọ́. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ajá kò sí nínú ìjókòó. Yàrá kan tó ní kọ́kọ́rọ́, omi, ibùsùn rẹ̀; kọ́kọ́rọ́ náà á wà lápò àgbàlagbà kan tí kò ní mu ọtí. Bí ilé bá kéré, ẹ san owó ibùgbé ajá fún ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá ń sọ pé "kì í ṣe nǹkan kan, ó fẹ́ràn ọmọdé" kò tíì rí ojú ajá tí ọmọdé mẹ́fà ká mọ́ igun.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ kan kí ó wá tẹ aago láìsọ àkókò tó ń bọ̀. Ẹ lọ ṣílẹ̀kùn gbayawu, kí ẹ dúró bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bí ajá bá lè dé ibi tí ẹsẹ̀ àlejò wà, ìdínà yín kò tó.

Ìpele 7: Ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá

Ìwé ìyọ̀ǹda kì í ṣe ohun tí a gbà tí a sì gbàgbé. Òfin ń béèrè pé kí ajá ti gba iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́, kí ó ní microchip, kí ìnṣọ́ránsì tó máa san owó bí ó bá ṣe ẹlòmíràn léṣe má sì já rárá níwọ̀n ìgbà tó bá wà láàyè. Ìnṣọ́ránsì ló ń já jù. Ilé-iṣẹ́ tó gbà á ní ọdún tó kọjá lè ní àwọn kò gba XL Bully mọ́ lọ́dún yìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nígbà tó bá ku oṣù kan, kí ẹ sọ orúkọ náà jáde gbangba, "XL Bully", kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn lórí ìwé. Ẹni tó bá pè é ní "ajá ńlá lásán" kó lè rí owó pọ́ọ́kú ti ra ìwé tí kò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀.

Bí ẹ bá kó kúrò nílé, ẹ sọ fún Index of Exempted Dogs. Bí ajá bá kú, ẹ sọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Kérésì. Ibi tí olówó ìwé ń gbé ni ajá gbọ́dọ̀ máa gbé. Kò gbọ́dọ̀ sùn níbòmíràn ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ láàárín oṣù 12. Bí ẹ bá ń lọ sí Èkó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ẹ sì gbé ajá lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n yín, ẹ ti kọjá ààlà kí ẹ tó padà. Ohun tó dáa jù ni kí ẹ̀gbọ́n yín wá gbé ilé yín, kí ó mọ ibi tí fáìlì wà, kí ó sì lè fi ìbonu sí ajá fúnra rẹ̀. Ẹ ka ọjọ́ tí ajá ti sùn ní ibùgbé ajá mọ́ ọgbọ̀n yẹn pẹ̀lú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà nínú fóònù yín pẹ̀lú ìránnilétí: ọjọ́ tí ìnṣọ́ránsì máa tán, oṣù kan ṣáájú rẹ̀, àti iye ọjọ́ tí ajá ti lò níta lọ́dún yìí.

Bí ẹ kò bá tíì ra ajá

Ní Ẹ́ńgílándì, láti oṣù Kẹrin 2020, ẹnikẹ́ni tó bá ń fi ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ṣòwò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó sìn ín fúnra rẹ̀. Ẹ lọ sí ilé rẹ̀, kí ẹ rí ìyá ajá, kí ẹ wọ̀n ìyá náà. Ẹni tó ní kí ẹ pàdé òun níbi ìgbọ́kọ̀sí supermarket, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ẹ bá ń gbé ilé àyágbé, ẹ gba àṣẹ onílé lórí ìwé kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Mímú ajá wá láti Nàìjíríà ṣeé ṣe, àmọ́ ètò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dàrú. Microchip ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ àrùn digbòlugi. Èyí tí wọ́n bá gún ṣáájú chip kò jẹ́ nǹkan kan. Ó kéré tán, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí èsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 0.5 IU/ml, ìyẹn ìwọ̀n tó fi hàn pé abẹ́rẹ́ náà ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yẹn, oṣù mẹ́ta gbáko gbọ́dọ̀ kọjá. Ìwé ìlera àti oògùn aràn ló kù, wákàtí 24 sí 120 ṣáájú kó tó wọ̀lú ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ lo oògùn náà fún un. Irú ajá márùn-ún tí òfin kà léèwọ̀ yẹn kò wọlé rárá, ì báà ní ìwé tó ga tó òkè.

Ìpele 8: Bí ọlọ́pàá bá wá

Bí ajá bá wà níta, wọn kò nílò ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ láti gbà á. Bí ó bá wà nínú ilé, wọ́n nílò rẹ̀, àfi bí wọ́n bá ti ní ìwé àṣẹ láti wọlé nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ bèèrè láti rí i, ohùn pẹ̀lẹ́ ni kí ẹ fi bèèrè. Bí ẹ bá ní ìwé ìyọ̀ǹda, ẹ mú un jáde. Bí kò bá sí nítòsí, ọjọ́ márùn-ún ni ẹ ní láti fi hàn wọ́n.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìtàn ajá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì fi nǹkan lọ ọ̀gá ọlọ́pàá "kí ó fi ra omi". Ẹ̀ṣẹ̀ kejì nìyẹn níbí, ó sì burú ju ti ajá lọ.

Wọ́n lè gbé ìwé kan wá pé kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ ti yọ̀ǹda ajá. Kò sẹ́ni tó lè fipá mú yín. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, wọ́n lè pa ajá náà láìjẹ́ pé ẹ dé iwájú adájọ́ rárá. Ẹ ní kí ẹ kọ́kọ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ ní ẹ̀tọ́ sí lọ́yà ọ̀fẹ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á, ẹni tó mọ̀ nípa ajá nínú wọn á wò ó. Ẹ kò ní láǹfààní láti lọ kí i ní ibi tí wọ́n fi í sí. Bí ó bá di ẹjọ́, ẹ̀yin ni òfin gbé ẹrù lé láti fi hàn pé ajá yín kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fẹ̀sùn rẹ̀ kàn yín. Ibẹ̀ ni ìlà mẹ́ta ara ògiri, fọ́tò mẹ́rin àti ìwé "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" ti máa wúlò fún lọ́yà yín.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Kí wọ́n tó lọ, ẹ gbọ́dọ̀ ní orúkọ ọlọ́pàá àti nọ́ńbà èjìká rẹ̀, nọ́ńbà ẹjọ́, ìwé tó fi hàn pé wọ́n gba ajá, àti orúkọ abala òfin tí wọ́n fi gbà á. Bí ó bá jẹ́ ìsọ̀rí kìíní, irú ajá ni wọ́n ń sọ. Bí ó bá jẹ́ ìsọ̀rí kẹta, ohun tó ṣe ni. Ìbéèrè tí lọ́yà máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn.